Òdòdó Àlejò Nínú Ọgbà Ilé Wa ní Jos: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Coneflower àti Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta Tí Ó Kọ́ Mi

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn bí àwọn baba wa ṣe dé ìlú Jos: ìtàn kùsà, ìtàn ọjà, àti ìtàn ọkọ̀ ojú irin tó gba ọ̀nà Kafanchan wọ ìlú yìí ní ọdún 1927. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí òdòdó. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé òdòdó náà ni a ó fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òdòdó kan wà nínú ọgbà mi tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa òfin, àti ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀mí ọmọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

ÒDÒDÓ WO NI?

Coneflower ni àwọn òyìnbó ń pè é. Echinacea purpurea ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nínú ìwé. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, láti àwọn pápá oko tó wà ní àárín àti ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ, "orí òòrẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá rí i yóò mọ ìdí rẹ̀. Àárín òdòdó náà yọ gọngọ sókè, ó le, ó sì ní ṣóńṣó wẹ́wẹ́ bí ẹ̀gún. Àwọn ewé òdòdó tó yí i ká ní àwọ̀ àlùkò tó fẹ́ pupa, wọ́n sì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí etí ajá. Igi rẹ̀ lè ga dé orúnkún tàbí dé ìbàdí àgbàlagbà.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé ohun kan náà tí àwọn ọmọ mi rí ni àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó rí. Ní ọdún 1753, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kà á mọ́ àwọn òdòdó tó ń jẹ́ Rudbeckia. Ní ọdún 1794, Conrad Moench, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, yà á sọ́tọ̀, ó sì pè é ní Echinacea, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí wọ́n fi ń pe ẹranko kékeré kan tó ní ẹ̀gún lára.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlejò, ìbátan rẹ̀ kún ilé wa. Ìdílé sunflower ni ó ti wá. Inú ìdílé yìí kan náà ni ewúro tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ wà, àti yánrin, àti ẹ̀bọ̀lọ̀, àti imí-eṣú tó ń yọ wá lẹ́nu nínú oko àgbàdo. Ẹ wo ewúro dáadáa nígbà tó bá tanná. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ òdòdó kan, àkójọ òdòdó wẹ́wẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti coneflower. Gbogbo ṣóńṣó tó wà ní orí rẹ̀ yẹn, òdòdó kéékèèké ló wà láàárín wọn, wọn kì í sì í là pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń là bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí oyin àti labalábá fi máa ń pààrà orí kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌDÍ TÍ A FI LÈ DÁN AN WÒ NÍ JOS

Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà. Nítorí náà ni ooru wa kò fi tó ti Ìlọrin tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí Irish pòtétò, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti òdòdó róòsì sì fi ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa. Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, a sì máa dá ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé pẹ̀lú eruku àti òtútù òru tí gbogbo wa mọ̀.

Coneflower kò bẹ̀rù òtútù. Ní ilẹ̀ tí a bí i sí, yìnyín máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ yóò kú pátápátá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ yóò wà láàyè nínú ilẹ̀, yóò sì tún rúwé nígbà tí ojú ọjọ́ bá yá. Ọ̀dá pàápàá kì í tètè pa á. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé kò sí wàhálà kankan mọ́, pé kí a sáà fọ́n ọn sílẹ̀ ni. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀ LÓDÌ

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Chicago ló mú irúgbìn náà bọ̀ nígbà tó wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa ní ọdún 2018. Ó mú fótò òdòdó náà dání, ó ní ilé tí òun ń gbé kún fún un. Mo tọ́jú irúgbìn náà títí di oṣù keje ọdún 2019, mo wá bu ìdajì rẹ̀, mo fọ́n ọn sórí ebè lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀nà Rukuba. Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dá. Omi gba ebè náà, ó gbé díẹ̀ nínú irúgbìn náà lọ, ìyókù sì jẹrà. Kò sí ẹyọ kan tó hù.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, mo mú ìdajì tó kù. Mo ti kàwé díẹ̀ báyìí. Mo pò ó mọ́ iyanrìn tútù, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó lè rò pé òun ti la ìgbà òtútù kọjá. Ní oṣù kẹta, mo gbìn ín sínú àpótí. Mọ́kànlá hù. Mẹ́sàn-án ló yè. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo gbin mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbin mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ géètì.

Wọ́n dàgbà. Ewé wọn tutù, ó dúdú minimini. Ọdún 2020 lọ, kò sí òdòdó. Mo ní kò burú, nítorí mo ti kà á pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tanná ní ọdún àkọ́kọ́. Ọdún 2021 dé, ewé náà tún ni mo rí. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ewé wá pọ̀ sí i. Ìyá àwọn ọmọ mi ní, "Ẹ̀fọ́ lẹ gbìn, ẹ má pè é ní òdòdó mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ní ìparí ọdún 2021, ọmọkùnrin wa àgbà ra iná sólà kan, ó kàn án mọ́ òpó géètì nítorí ètò ààbò. Iná náà kì í ṣe ojúlówó. Yóò tàn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, bátìrì rẹ̀ á kú. A máa ń bú u. Ní oṣù keje ọdún 2022, mo jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ti rúdi. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, wọ́n ti là. Mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ilé kò ní ju ewé lọ. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọwọ́ kan náà ló gbìn wọ́n.

Ní ọdún 2023, mo ra irú iná sólà yẹn kan náà, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìnkùlé láti oṣù kẹrin, mo sì máa ń fúnra mi pa á ní aago mẹ́sàn-án. Márùn-ún nínú mẹ́fà náà tanná. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé àwíjàre òdòdó náà tọ̀nà.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: EWÉKO MỌ AAGO

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Gígùn ọjọ́ kò dọ́gba káàkiri ayé. Ní Chicago, nínú oṣù kẹfà, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run fún wákàtí 15 ó lé díẹ̀. Bí ìgbà òtútù bá dé, ó máa ń dín kù títí dé nǹkan bí wákàtí 9. Ṣùgbọ́n Jos sún mọ́ àárín ayé. Ọjọ́ tó gùn jù lọ́dọ̀ wa kò ju wákàtí 12 àti nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ, èyí tó kúrú jù sì jẹ́ wákàtí 11 àti ààbọ̀. Àwa kì í mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ewéko mọ̀ ọ́n.

Gígùn ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn ni coneflower fi ń mọ̀ pé ìgbà ẹ̀rùn ilé òun ti dé, pé ó ti tó àkókò láti tanná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà láàárín wákàtí 13 sí 15 lóòjọ́, ó máa ń tanná dáadáa. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè jókòó gẹ́gẹ́ bí ewé lásán, tàbí kí ó yọ òdòdó kan tàbí méjì tí kò lágbára. Ọjọ́ tiwa ní Jos dín díẹ̀ sí ohun tó ń fẹ́. Iná sólà tí a ń bú yẹn ló fi wákàtí méjì ó lé kún ọjọ́ náà. Kò nílò iná tó lágbára bí oòrùn. Iná kékeré tó bá sáà tàn sí i lára ti tó, nítorí kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń fi iná yẹn ṣe, aago ni ó ń fi í kà.

Àwọn ewéko mìíràn wà tó jẹ́ pé ìdàkejì ni tiwọn. Ẹ wo òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó kún ẹ̀gbẹ́ títì, tí àwọn kan ń pè ní agbálẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní jogbo. Ìgbà tí òjò bá ń parí lọ, tí ọjọ́ bá ń kúrú, ni ó máa ń tanná. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a tó sọ pé ọmọ kan yàgàn tàbí pé ó ya ọ̀lẹ, kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá a ti fún un ní ohun tó ń dúró dè.

BÍ Ẹ Ó ṢE GBÌN ÍN

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyí.

Èkíní, àkókò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí tàbí ike ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ti lágbára kí òjò ńlá tó dé. Ẹ má ṣe gbìn ín ní oṣù keje bíi tèmi.

Èkejì, òtútù. Ẹ pò irúgbìn mọ́ iyanrìn tútù, kí ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, kò burú, ẹ sáà má ṣe jẹ́ kí iyanrìn náà gbẹ. Irúgbìn mìíràn máa ń hù láìṣe èyí, ṣùgbọ́n àwọn tó bá la òtútù kọjá máa ń hù ní ìdọ́gba.

Ẹ̀kẹta, gbígbìn. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ má ṣe dà á. Láàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 20, yóò yọrí. Bí ewé mẹ́rin bá ti pé lára rẹ̀, ẹ lè ṣí i lọ sí ọgbà.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀. Ìyà tó ń jẹ òdòdó yìí jù lọ́dọ̀ wa ni omi tó dúró. Ibi púpọ̀ ní Jos ló jẹ́ yangí, omi kì í tètè wọlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ebè gíga, kí ẹ po iyanrìn àti ewé jíjẹrà mọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 45 láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá. Ó sì gbọ́dọ̀ rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán.

Ẹ̀karùn-ún, ajílẹ̀. Díẹ̀ ti tó. Ìgbẹ́ adìyẹ tí mo dà sí i kò ṣe ju pé ó sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Ewé agbálẹ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan yẹn ni mo ń lò báyìí. Ewé rẹ̀ kún fún ohun tó ń ṣe ilẹ̀ lóore, àwọn àgbẹ̀ ní Kenya àti ní ilẹ̀ wa níbí sì ń gé e sínú oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ẹ gé e tútù kí ó tó so èso, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí òdòdó, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ìtọ́jú. Nígbà ọyẹ́, ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi náà wọlẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ ṣọ́ ìgbín àti tata, nítorí wọ́n fẹ́ràn ọ̀dọ́ ewé rẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ ṣà wọ́n ní àárọ̀. Ẹ gé orí òdòdó tó bá ti rọ, kí òmíràn lè yọ, ṣùgbọ́n ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ, kí ẹ lè rí irúgbìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè hú ìdí rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ tún un gbìn.

Èkeje, iná. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, ẹ jẹ́ kí iná kékeré tàn sí i láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí di aago mẹ́sàn-án.

BÍ ẸNI KÒ BÁ FẸ́ WÀHÁLÀ TÓ TÓ YÌÍ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, "Ṣé mo fẹ́ máa tan iná fún òdòdó nígbà tí èmi fúnra mi wà nínú òkùnkùn?" Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Kò sí ohun tó ní kí ẹ gbin àlejò tó le koko bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà tó ti mọ́ ilẹ̀ wa lára, ẹ ó sì rí wọn rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó ní ẹ̀gbẹ́ títì nínú ìlú yìí.

Zinnia ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá gbìn ín ní oṣù karùn-ún, kí oṣù keje tó parí, yóò ti tanná ní àwọ̀ pupa, ọsàn àti funfun. Bí òjò bá pọ̀ jù, ohun funfun bí ìyẹ̀fun a máa bo ewé rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbìn ín pọ̀ mọ́ra. Marigold ni èkejì. Òórùn rẹ̀ mú, ewúrẹ́ kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́, èyí tó ṣe pàtàkì ládùúgbò mi. Cosmos ni ẹ̀kẹta, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Sunflower fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè gbìn ín, hóró rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń yára ga ju ọmọ náà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ ilẹ̀, sunflower ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: IRÚGBÌN LÓ Ń LA IBODÈ

Mo jẹ́wọ́ pé nígbà tí àbúrò mi mú irúgbìn yẹn bọ̀ nínú àpò ìrìn-àjò rẹ̀, àwa méjèèjì kò ronú kan òfin. Ó yẹ kí a ronú. Àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service, tí òfin ọdún 2017 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ló ń mójú tó ewéko, irúgbìn àti ẹranko tó ń wọ orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, irúgbìn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ pé kò ní àrùn tàbí kòkòrò lára.

Ẹ má ṣe sọ pé òfin òyìnbó ni. Ẹ wo àwọn ará etíkun wa. Ní ọdún 1984 ni a rí òṣíbàtà àjèjì tí wọ́n ń pè ní water hyacinth nínú ọ̀sà Badagry àti ti Èkó, láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin ni ó sì ti wọlé. Nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́kọ́ gbé e kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà káàkiri ayé. Lónìí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń ya àwọ̀n apẹja. Agbálẹ̀ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan pàápàá, nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe gbé e wá láti ìhà Mexico, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ títì mọ́ ewéko ilẹ̀ wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílẹ̀ òkèèrè, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Kí wọ́n fi fótò ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ irúgbìn ni, kí wọ́n gba ọ̀nà tó tọ́.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÒDÒDÓ KÌ Í ṢE DÓKÍTÀ

Mo wá dé ibi tí ó mú mi kọ̀wé yìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí òyìnbó tó dé bá wọn, máa ń lo gbòǹgbò irú òdòdó yìí fún ejò bíbunijẹ, eyín dídùn àti ọ̀nà ọ̀fun. Láàárín àwọn ọdún 1930, Gerhard Madaus gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì fi ṣe oògùn. Láti ìgbà náà ni a ti ń tà á nínú ìgò àti nínú kápúsù, pé ó ń lé ọ̀fìnkìn. Èmi náà kà á, mo sì gbà á gbọ́. Àwa Yorùbá mọ iyì ewé àti egbò, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nínú ọyẹ́, ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo hú ìdí coneflower kan, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo sè é. Mo ti bu ú sínú ife. Ìyá àwọn ọmọ mi gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀, ó ṣí aṣọ ọmọ náà sókè, ó sì mú aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ka bí ọmọ náà ṣe ń mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó jẹ́ 58. Ó fi hàn mí bí abẹ́ ìhà rẹ̀ ṣe ń wọnú bí ó bá fa èémí. Kò bá mi jà. Ó sáà ní, "Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò." Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni, pé kí a dúpẹ́ pé a kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ọmọ náà ti ń sáré kiri inú ọgbà yẹn báyìí, òun gan-an ló ń já òdòdó mi.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó wá kàwé dáadáa. Ní ọdún 2003, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ 407 tó wà láàárín ọdún 2 sí 11. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn Echinacea nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú wọn, wọ́n fún àwọn yòókù ní omi dídùn lásán. Ọ̀fìnkìn àwọn tó lo oògùn náà kò tètè lọ ju ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n lo oògùn náà, nǹkan bí ìgbà 7 ni ara ọmọ sú. Ní ti omi dídùn, kò ju nǹkan bí ìgbà 3 lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba òdòdó tó bá jẹ́ ìbátan sunflower gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ rántí pé ọmọ oṣù mẹ́jọ ni tèmi, kò tilẹ̀ tó ọjọ́ orí àwọn ọmọ inú ìwádìí náà.

Nítorí náà, ẹ gé ibi yìí kúrò nínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ kò lọ déédé, ẹ ka iye ìgbà tó mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò bá sunkún. Bí kò bá tíì pé oṣù 2, tó bá mí tó ìgbà 60, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 11, ìgbà 50 ni. Bí ó bá ti pé ọdún 1 títí di ọdún 5, ìgbà 40 ni. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má ṣe ka ohunkóhun mọ́, ẹ máa lọ. Àgbo lè dúró. Àkókò kì í dúró.

ÌKÁDÌÍ

Mo ṣì ní òdòdó náà. Gbòǹgbò tí mo hú nìkan ló dín, mo sì ti pín òmíràn dí àyè rẹ̀. Bí òjò bá ti dúró díẹ̀ ní oṣù keje, tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Rukuba kọjá, ẹ yà wá kí wa, ẹ ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì lábẹ́ iná sólà tó ń kú ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ ó rí irúgbìn díẹ̀ gbà, tí a so nínú ọgbà wa níbí, láìla ibodè kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e délé, ẹ rántí pé ẹwà rẹ̀ ni mo fún yín, kì í ṣe oògùn.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ wa sí. Yóò jẹ́ kí àlàáfíà jọba ní ìlú Jos tó gba àwọn baba wa lálejò, kí àwa náà lè dàgbà nínú ọgbà tí a gbìn.